Bi Ẹ̀gbọ́n Léèrè: Owó ti wà lọ́wọ́, ṣé ká fi san mọ́gééjì tán ni?

Lẹ́tà lórí mọ́gééjì, ìyẹn owó tí báńkì yá èèyàn ra ilé, ló pọ̀ jù nínú èyí tó wọlé lóṣù yìí, mo wá kó wọn jọ sójú kan. Ti Ìyá Ìbejì ló gùn jù, òun náà ni mo sì máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù, àwọn yòókù ẹ má bínú.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, Kent là ń gbé, ọmọ ọdún 58 ni mí, bàbá àwọn ọmọ mi ti pé 63, bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà. 2001 làwa méjèèjì dé ìlú yìí, 2006 la ra ilé tá à ń gbé, ó ku £58,000 tá a jẹ lórí ẹ̀. Réètì wa kéré gan-an, 1.49%, fixed ọdún márùn-ún (réètì ò ní yí padà títí á fi pé) tá a mú ní October 2021, October 2026 ló máa parí. Bàbá Ìbejì lọ sílé lọ tọ́jú mama wọn láti 2021 títí mama fi re ibi àgbà ń rè ní 2023, wọ́n wá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní báyìí a ní £71,000 lọ́wọ́, díẹ̀ nínú ẹ̀ la ti ń tọ́jú bọ̀, ìyókù jẹ́ owó ilẹ̀ tá a tà ní Ìbẹ̀jú-Lékkì. Bàbá Ìbejì ní ká lọ san gbogbo gbèsè náà lọ́jọ́ Monday tó ń bọ̀ ká sinmi, pé àwọn ò fẹ́ kú pẹ̀lú gbèsè báńkì lọ́rùn, àti pé ọ̀rẹ́ àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì san tiẹ̀ tán lọ́dún tó kọjá, ó sì ṣe ìdúpẹ́ ńlá. Èmi ò kọ̀ o, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀, torí £13,000 péré ló máa kù sọ́wọ́ wa, a sì tún ní ilé tá ò tíì parí ní Ìjẹ̀bú-Òde, a ò tíì kan òrùlé ẹ̀. Mo tún jẹ £4,300 lórí kírẹ́díìtì káàdì kan àmọ́ ìyẹn ò tó nǹkan, mò ń san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. – Ìyá Ìbejì, Kent

Ẹ̀gbọ́n fèsì: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àṣẹ̀yìndè mama o. Kí n tó dé orí mọ́gééjì rárá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ káàdì tẹ́ ẹ ní kò tó nǹkan yẹn. Réètì kírẹ́díìtì káàdì ní Britain sábà máa ń lé ní 20%, ká ní tiyín jẹ́ 24%, èlé tó ń gùn lórí £4,300 lọ́dún kan ti lé díẹ̀ ní £1,000 nìyẹn. Gbogbo £58,000 mọ́gééjì yẹn ní 1.49%, èlé ẹ̀ lọ́dún ò tó £870. Ṣé ẹ rí i báyìí? Gbèsè tẹ́ ẹ fojú fò yẹn ló ń jẹ owó yín ju èyí tí ò jẹ́ kí Bàbá Ìbejì sùn. Bí gbèsè ṣe tóbi tó ló máa ń dẹ́rù bà wá, bẹ́ẹ̀ réètì ẹ̀ gan-an ló yẹ ká máa wò. Ẹ san káàdì yẹn tán lónìí, kódà ẹ lè sinmi kíkà níbí yìí kẹ́ ẹ lọ san án kẹ́ ẹ tó padà wá.

Ó wá ku mọ́gééjì. Ìṣirò ẹ̀ ò le. £58,000, tẹ́ ẹ bá fi sí ákáǹtì tó ń fún yín ní 4%, á mú £2,320 wá lọ́dún. Tẹ́ ẹ bá fi san mọ́gééjì, ohun tẹ́ ẹ jèrè ni èlé tẹ́ ò ní san mọ́, ìyẹn £864. Ọdún tẹ́ ẹ mú fixed yẹn, réètì Bank of England fúnra ẹ̀ wà ní 0.1%, wọ́n gbé e gòkè gòkè títí ó fi dé 5.25% ní August 2023, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni, December 2025 ló tó di 3.75%. Owó pọ́ọ́kú ni báńkì yá yín, inú wọn á sì dùn gan-an tẹ́ ẹ bá gbé e padà wá fún wọn lónìí, torí ẹlòmíì wà níta tó máa gbà á ní ìlọ́po méjì réètì tiyín.

Wọ́n á sì tún gba ìtanràn lọ́wọ́ yín lórí oore tẹ́ ẹ ṣe wọ́n. Ẹ yọ ìwé àdéhùn mọ́gééjì yín jáde, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ early repayment charge sí. Ìyẹn ni owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá san gbèsè kí fixed tó parí, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti bíi 5% lọ́dún àkọ́kọ́, á máa wálẹ̀ títí á fi di 1% lọ́dún tó kẹ́yìn, ibi tẹ́ ẹ wà báyìí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbà kéèyàn san 10% gbèsè náà lọ́dún láìsí ìtanràn, £5,800 nìyẹn nínú tiyín, wọ́n á wá gé 1% lórí £52,200 tó kù, £522. Àwọn míì tiẹ̀ máa ní torí pé gbogbo ẹ̀ lẹ fẹ́ san tán, orí odindi £58,000 làwọn máa kà á lé. Ṣé ẹ fẹ́ san £522 torí pé ẹ ò lè ní sùúrù di October? Rárá o.

Torí náà ní Monday tó ń bọ̀, ẹ má lọ báńkì. Ẹ pín owó náà sí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì, torí ẹni tó bá ń san owó-orí 20% lè gba èlé tó tó £1,000 lọ́dún láìsan kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, ẹni tó bá wà ní 40% á gba £500. Kẹ́nì kọ̀ọ̀kan yín fi £20,000 sínú cash ISA, ákáǹtì ìfowópamọ́ tí wọn kì í gba owó-orí lórí èlé ẹ̀, kí ọdún owó-orí tó parí ní April, tó bá wá kọjá April ẹ tún lè fi òmíràn sí i, kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè owó-orí lórí ìyẹn láé. Ẹ lò ó báyìí o, torí ìjọba ti ní láti April 2027, ẹni tí ò tíì pé 65 ò ní lè fi ju £12,000 lọ sínú cash ISA lọ́dún. Báńkì tí FSCS, àjọ tó ń dáàbò bo owó èèyàn ní báńkì Britain, dúró fún nìkan ni kẹ́ ẹ lò, láti December 2025 wọ́n á san tó £120,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí báńkì bá dojú dé, £85,000 ni tẹ́lẹ̀. Àti pé ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹ ta ilẹ̀, ẹnì kan máa wá bá yín lórí WhatsApp pé òun ń ṣe forex, pé 10% lóṣooṣù. Ẹ ṣàdúrà fún un, ẹ má fún un lówó.

Bàbá Ìbejì, ibi yìí ni mo fẹ́ kẹ́yin fúnra yín kà. Ọdún méjì tẹ́ ẹ fi wà lọ́dọ̀ mama, tẹ́ ò bá san National Insurance, àlàfo ló jẹ́ nínú pẹ́ńṣàn ìjọba yín. Ọdún 35 lèèyàn gbọ́dọ̀ san kó tó gba pẹ́ńṣàn tuntun yẹn ní kíkún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dé ní 2001, tẹ́ ẹ sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní 67, ẹ ò lè ka 35 dé ibẹ̀, nítorí náà gbogbo ọdún tẹ́ ẹ bá rí mú ló máa fi kún un. Lọ́dún 2025 sí 2026, pẹ́ńṣàn kíkún jẹ́ £230.25 lọ́sẹ̀, ọdún kan jẹ́ ìdá kan nínú 35 ẹ̀, bíi £6.58 lọ́sẹ̀, £342 lọ́dún, títí tẹ́ ẹ fi máa dágbére fáyé. Iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín láti fi dí àlàfo ọdún kan jẹ́ nǹkan bíi £900. Tẹ́ ẹ bá ti gba pẹ́ńṣàn náà fún ọdún mẹ́ta, owó yín ti padà, ìyókù èrè ni. Sísan mọ́gééjì 1.49% ò lè pa irú owó yẹn wọlé fún yín láéláé. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ kéèyàn dí, ẹ má jẹ́ kó pẹ́, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ pe Future Pension Centre kí wọ́n sọ bóyá ọdún náà máa fi kún tiyín lóòótọ́ kẹ́ ẹ tó fi owó sílẹ̀, torí fún àwọn kan kì í fi nǹkankan kún un. Ẹ tún mọ èyí: tẹ́ ẹ bá padà sílé lọ jókòó sí Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n á máa fi pẹ́ńṣàn yẹn ránṣẹ́, àmọ́ iye tó bá wà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ ló máa dúró sí, wọn ò ní máa fi kún un lọ́dọọdún bíi ti ẹni tó wà ní Kent, Nàìjíríà ò sí lára ìlú tí wọ́n ń ṣèyẹn fún. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọjà Òkè-Àjẹ ò ní sọ pé òun náà dúró.

Tó bá wá di October, ọ̀rọ̀ yí padà. 1.49% ti lọ, kò sẹ́ni tó máa fún yín nírú ẹ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, wọ́n á gbé yín sórí standard variable rate, ìyẹn réètì tí báńkì fúnra ẹ̀ ń yàn tí fixed bá parí, ní 2025 ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ lé ní 7%, ẹ má sun oorun ọjọ́ kan síbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo fara mọ́ Bàbá Ìbejì pé kẹ́ ẹ sanwó, ìtanràn ò sí mọ́. Àmọ́ èmi ò ní san gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn káàdì àti ọdún pẹ́ńṣàn méjì yẹn, bíi £65,000 ló kù lọ́wọ́ yín. Ká ní gbèsè ti wálẹ̀ sí £54,000 nígbà yẹn, ẹ san £40,000, kẹ́ ẹ mú £25,000 dání. Ẹ̀yin ẹni 58 àti 63 ni o. Owó tó bá ti wọ inú ilé ti di bíríkì, ọjọ́ tí eegun ẹ̀yìn bá ní kí Bàbá Ìbejì má wa bọ́ọ̀sì mọ́, báńkì yẹn kan náà tẹ́ ẹ kówó fún máa béèrè payslip kí wọ́n tó dá £1,000 padà fún yín, wọ́n á sì wo ọjọ́ orí. £14,000 tó bá kù, ẹ sọ fún báńkì tẹ́ ẹ wà lọ́dọ̀ ẹ̀ kí wọ́n gbé e sórí tracker (réètì tó ń tẹ̀ lé ti Bank of England) tí ò ní early repayment charge, kẹ́ ẹ máa san án bí owó bá ṣe ń yọ, á ti tán kí Bàbá tó pé 67. Ẹ má wulẹ̀ dààmú láti kó o lọ sí báńkì míì, ọ̀pọ̀ wọn ò fẹ́ gba mọ́gééjì tí ò tó £25,000. Tí tiyín bá ní offset, ìyẹn náà dáa, owó yín á wà ní ákáǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbèsè, wọn ò ní ka èlé lórí iye tó bá jọra, ẹ sì lè mú un jáde nígbàkigbà, kẹ́ ẹ sáà wo réètì ẹ̀ dáadáa.

Ilé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ kan pánù lé e kí òjò má ba ògiri jẹ́, owó oṣù ni kẹ́ ẹ fi kàn án, ẹ má fọwọ́ kan £25,000 yẹn. Iṣẹ́ inú lè dúró. Kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀.

Ní ti kíkú pẹ̀lú gbèsè, mi ò fi Bàbá Ìbejì ṣẹ̀fẹ̀ rárá. Tó bá jẹ́ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ló wà lórí mọ́gééjì, ẹni tó bá ṣẹ́ kù ló máa máa san án nìṣó, ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ínṣọ́ránsì ẹ̀mí ló wà fún un, £58,000 tẹ́ ẹ bá kó fún báńkì ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa tó o. Ẹ wá ìwé ínṣọ́ránsì tẹ́ ẹ gbà ní 2006 jáde, ẹ wò ó bóyá ẹ ṣì ń san án. Ẹ̀yin náà Ìyá Ìbejì, tẹ́ ẹ bá wà nínú pẹ́ńṣàn NHS, tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n á san ìlọ́po méjì owó ọdún yín fún ẹni tẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ṣé orúkọ ẹnì kan wà níbẹ̀? Ẹ lọ wò ó. Mo ti rí i tí orúkọ àbúrò tí wọ́n ti bá jà ló ṣì wà nínú fọ́ọ̀mù.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ san gbẹ̀yìn, ẹ béèrè fún redemption statement, torí èlé ń gùn lójoojúmọ́, iye tẹ́ ẹ rí nínú app kọ́ ni iye tí wọ́n máa gbà. Ẹ má dá direct debit dúró kí wọ́n tó kọ̀wé pé ó ti tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ wo Land Registry bóyá wọ́n ti yọ orúkọ báńkì kúrò lórí ilé yín. Ínṣọ́ránsì ilé, ẹ má jáwọ́ nínú ẹ̀, báńkì ló ń fipá mú yín ṣe é tẹ́lẹ̀, iná ò mọ̀ pé ẹ ti sangbèsè tán.

Ìbéèrè: 2005 ni mo ra flat mi ní Peckham, interest-only ni wọ́n fún mi, £140,000. Mi ò fo oṣù kan rí láti ìgbà yẹn. Báńkì wá kọ lẹ́tà pé ó máa parí ní 2030, pé £140,000 ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ẹ̀gbọ́n, kí wá ni mo ti ń san láti ogún ọdún? Mo ní £30,000, ṣé kí n fi san lára ẹ̀? – Bàbá Wálé

Ẹ̀gbọ́n fèsì: Bàbá Wálé, ẹ rántí ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà táwọn bàbá wa máa ń sọ. Ẹni tó yáwó á fi ara ẹ̀ tàbí ọmọ ẹ̀ lélẹ̀, ìyẹn á máa lọ ro oko olówó, iṣẹ́ tó ń ṣe yẹn ni èlé, tó bá roko náà fún ogún ọdún, ojú owó ò dín kù ní kọ́bọ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá kó ojú owó wá nìkan ló bọ́. Ohun tí wọ́n fún yín ní 2005 gan-an nìyẹn, wọ́n kàn kọ ọ́ lédè òyìnbó ni. Láyé ìgbà yẹn wọ́n ń fún gbogbo èèyàn, ẹni tó tà á fún wọn á ní ilé máa wọ́n sí i, wọ́n á tà á wọ́n á fi san. Ilé ti wọ́n lóòótọ́ ní Peckham, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ń gbébẹ̀.

Tiyín yàtọ̀ sí ti Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin ò lè jókòó ti owó. Kẹ́ ẹ tó san £30,000 yẹn, flat ni, ẹ lọ wo iye ọdún tó kù lórí lease, ìyẹn àdéhùn tó sọ iye ọdún tí flat náà máa fi jẹ́ tiyín. Tó bá ti ń sún mọ́ 80, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fowó sí, torí tó bá ti wálẹ̀ ju 80 lọ, owó àtifi kún un máa ń ga sí i, flat tí lease ẹ̀ kúrú ò sì rọrùn tà, báńkì míì ò ní fẹ́ rí i sójú. Tí lease bá gùn dáadáa, ẹ pe báńkì yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má dúró de 2030, ẹ ní kí wọ́n sún ọdún síwájú, kí wọ́n sì yí díẹ̀ nínú ẹ̀ sí repayment, èyí tẹ́ ẹ ó ti máa san ojú owó pẹ̀lú èlé, kẹ́ ẹ fi £20,000 sí i, kẹ́ ẹ mú £10,000 dání. Láti 2018 ni FCA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn báńkì Britain, ti fàyè gba retirement interest-only fáwọn àgbàlagbà, ẹ máa san èlé nìkan títí ẹ máa fi kú tàbí ta ilé tàbí lọ sílé ìtọ́jú àgbà. Kò burú fún ẹni tí ò fẹ́ kúrò, àmọ́ ìwọ̀fà ṣì ni. Tó bá jẹ́ èmi, màá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, màá ta flat yẹn, màá ra ibi kékeré níbi tí owó ò ti le, màá bọ́.

Ìbéèrè: Salaam alaykum. Manchester ni mo wà. Ó ku £39,000 lórí ilé mi, 1.8%, fixed tí ó parí ní November 2027, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 2% báyìí. Mo ní £52,000 ní current account, mi ò gba èlé kankan, torí ribà ni. Ọmọ mi tó ń ṣe accountant ní tí mo bá san án, ìwà òpè ni, pé réètì mi kéré. Mi ò fẹ́ ribà yìí lọ́rùn mọ́. – Alhaja R.

Ẹ̀gbọ́n fèsì: Wa alaykumu salaam, Alhaja. Ọmọ yín mọ̀wé, àmọ́ ìṣirò ẹni tó ń gba èlé ló ń ṣe fún ẹni tí kì í gba èlé. Owó tẹ́ ẹ ní yẹn ń mú òdo wá. Gbèsè ń gba £702 lọ́wọ́ yín lọ́dún. Tẹ́ ẹ bá san gbogbo ẹ̀ tán, 10% á lọ láìsí ìtanràn, 2% lórí £35,100 tó kù jẹ́ £702, ẹ wò ó, èlé ọdún kan gééré. Ó sì ku ju ọdún kan ààbọ̀ lọ kí fixed parí. Ìyẹn ni pé ẹ san án báyìí, ẹ ṣì jèrè nǹkan bí £300, ká má tíì wá sọ ti ẹ̀sìn. Bíi £12,000 á ṣẹ́ kù, kò pọ̀ àmọ́ ẹ ò ní san nǹkankan lóṣù mọ́, á tètè gòkè. Nígbà tí gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n máa ń dúró ti òkú béèrè pé ta ló jẹ ní gbèsè kí wọ́n tó kírun sí i lára, mi ò ní bá ẹni tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ jiyàn. Ọ̀rọ̀ bóyá ìtanràn yẹn fúnra ẹ̀ jẹ́ ribà, ẹ bi ááfà yín, agbára mi ò dé bẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ ra ilé lọ́jọ́ iwájú, àwọn báńkì Mùsùlùmí kan wà tó ń ra ilé pẹ̀lú èèyàn, kí wọ́n jọ ní i, kẹ́ ẹ máa ra ìpín tiwọn díẹ̀díẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Houston nìyí. 2.875%, 30 years fixed, 2021, mo ṣì jẹ $172,000. Mo ní $90,000 tó ń mú 4% wá. Ṣé kí n jù ú sí i? – Káyọ̀dé

Ẹ̀gbọ́n fèsì: Káyọ̀dé, ní January 2021 ni réètì mọ́gééjì Amẹ́ríkà wálẹ̀ jù látìgbà tí wọ́n ti ń kà á, 2.65%, tìẹ ò jìnnà sí i rárá. Tí wọ́n bá gba owó-orí 22% lórí 4% yẹn, 3.12% ló kù, o ṣì fi díẹ̀ borí. Díẹ̀ ni ṣá o, tí réètì ákáǹtì bá fi lè já, ọ̀rọ̀ á yí. Ṣé o ń gba gbogbo match, owó tí ibi iṣẹ́ ẹ ń fi kún tìẹ nínú 401(k), ìyẹn ákáǹtì pẹ́ńṣàn ibi iṣẹ́? Tí o kò bá gbà á tán, dákẹ́ lórí mọ́gééjì ná. Tó o bá sì fẹ́ kí owó oṣù fúyẹ́, béèrè recast, kó $30,000 fún wọn kí wọ́n tún ìsanwó oṣù ṣírò, réètì ẹ ò ní yí padà. Kọ ọ́ sí wọn pé principal, ìyẹn ojú owó, ni owó náà wà fún o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn míì á kà á sí owó oṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ tó o bá san tán, escrow, àpò tí wọ́n fi ń bá ọ san owó-orí ilé, ti parí, property tax ti Texas yẹn á máa wá bá ọ fúnra ẹ.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí ní Akúrẹ́. 2012 ni mo gba ₦5 mílíọ̀nù lọ́wọ́ National Housing Fund, 6%, ọdún 25, wọ́n ń yọ ₦32,000 àti díẹ̀ lóṣù. Ó ku bíi ₦3.3 mílíọ̀nù. Owó kọpurétífù mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ₦4 mílíọ̀nù. Ìyàwó mi ní ká san án tán ká gba ìwé ilé wa. – Olùkọ́

Ẹ̀gbọ́n fèsì: Olùkọ́, ẹ má san án! Nígbà tẹ́ ẹ gba owó yẹn, owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà jẹ́ ₦18,000, ₦32,000 yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ẹ̀. Láti 2024 ó ti di ₦70,000, ₦32,000 kan náà ò tó ààbọ̀ ẹ̀ mọ́. Ọ̀wọ́n gógó tó ń jẹ gbogbo wa ló ń bá yín san gbèsè yẹn, nǹkan kan ṣoṣo tó ń ṣe fún tálákà nìyẹn. CBN gbé réètì dé 27.5% ní November 2024, ẹni tó yáwó kọ́lé lọ́wọ́ báńkì lásán lè máa san ju 25% lọ, irú ẹni bẹ́ẹ̀, tó bá rówó, kó sáré lọ san án. 6% ti National Housing Fund yìí ò sí níbòmíì, àní MREIF, ètò owó ilé tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde, tí wọ́n ń polongo ẹ̀ káàkiri, 9.75% ni. ₦3.3 mílíọ̀nù ní treasury bills, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ aráàlú tó sì ń san èlé lé, ẹ jẹ́ ká sọ pé 15% péré ni, bíi ₦495,000 lọ́dún, èlé gbèsè yín ò tó ₦200,000. Ní 2024 treasury bills ọlọ́dún kan tiẹ̀ kọjá 20%. Ìyàtọ̀ yẹn nìkan á máa san oṣù mẹ́sàn-án nínú ohun tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ oṣù yín. Ẹ bi báńkì yín bí wọ́n ṣe ń rà á, ẹ má gbà kí wọ́n fi nǹkan míì rọ́pò ẹ̀.

Kìkì ohun tó lè yí mi lọ́kàn padà ni tó bá jẹ́ pé ẹ mọ ara yín dáadáa, tí owó náà bá wà nílẹ̀ á di ti ayẹyẹ àti ti ẹbí. Ẹ ò sọ, mi ò béèrè.

Àmọ́ ìyàwó yín rí òtítọ́ kan. Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ni kò yẹ kẹ́ ẹ fi ṣeré. Lọ́dọọdún ẹ gba statement of account lọ́wọ́ báńkì tó ṣe mọ́gééjì yẹn fún yín, kẹ́ ẹ fi wé payslip yín, torí wọ́n lè yọ ọ́ lọ́wọ́ oṣù kó má dé ibi tó ń lọ. Lọ́jọ́ tó bá sì tán lóòótọ́, lẹ́tà pé ẹ ti san tán ò tó, ẹ gba deed of release, kí lọ́yà fi í forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, kẹ́ ẹ gba ojúlówó C of O yín, kì í ṣe fọ́tòkópì, kẹ́ ẹ sì fi ìyàwó yín ṣe ẹlẹ́rìí níbi tẹ́ ẹ bá tọ́jú ẹ̀ sí.